Àgbéyẹ̀wò tọ́ntébù onígi ìrókò tí a kàn nílé ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí kò ti inú páálí jáde. Tọ́ntébù onígi ni, èyí tí a fi ń gbọ́ irú àwo orin tí àwọn òbí wa ń kó sínú rẹ́díógíràmù nígbà kan. Èmi pẹ̀lú káfíńtà àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì la jọ kàn án, tí a sì kùn ún, mo sì ti ń lò ó láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi dé. Ìdájọ́ mi ni pé iṣẹ́ igi ara rẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí ti òkè òkun, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi ló ń sọ bóyá orin yóò dùn létí. Iná tó ń yí i ni. Ẹni tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ lé pákó olówó ńlá, tó wá so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ tààrà, ohun ọ̀ṣọ́ pálọ̀ ló ṣe.

Iṣẹ́ tí ìdí onígi ń ṣe kò ju pé kí ó jókòó jẹ́ẹ́ lọ. Abẹ́rẹ́ ń ka ìgbọ̀n tó kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ nínú ilà àwo, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tí olórin fi síbẹ̀ àti èyí tó ti ara ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀ pálọ̀ tàbí ẹsẹ̀ ọmọdé tó ń sáré kọjá wá. Gbogbo rẹ̀ ni yóò kó pọ̀, tí yóò sì gbé fún sípíkà. Ìdí nìyí tí a fi lo ìrókò fún ojú òkè, igi àpá tó wúwo jù ú lọ fún ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a sì to púláìwúùdù sáàárín wọn, ìpele lórí ìpele, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, tí ìlà igi ìpele kan ń dábùú ti èkejì. Igi tí a tò báyìí kì í tètè ká nígbà tí ọyẹ́ bá ń fa omi ara rẹ̀, kì í sì í tètè wú nígbà òjò. Igi tí kò jọra tí a lẹ̀ pọ̀ tún máa ń pa ìró mọ́ra: bí mo bá fi ìka kàn án, ìró náà kú síbẹ̀.

Ẹni tó ta ìrókò fún mi búra pé ó ti gbẹ. Káfíńtà wa kò tilẹ̀ jẹ́ kí a sọ ọ́ kalẹ̀ tán kí ó tó gbé e wò lọ́wọ́, tó sì rẹ́ orí rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, omi ṣì wà nínú igi yìí o. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ kí ọyẹ́ fẹ́ ẹ." A gé e sí ìwọ̀n tí a fẹ́, a to ó sábẹ́ ìbòòji, a fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, a sì dúró. Ẹni tí kò bá lè dúró, kí ó wá pákó tíìkì tàbí ti ìrókò lára àwọn àga àti ilẹ̀kùn àtijọ́ tí wọ́n ń tú; igi tó ti gbé nínú ilé láti ọjọ́ pípẹ́ kò tún ní ibi tó ń ká lọ mọ́. Ìrókò ní ìkà tirẹ̀ náà. Òkúta funfun a máa sá pamọ́ sínú rẹ̀ tí yóò ba ẹnu ayùn jẹ́, eruku rẹ̀ sì máa ń yún awọ àti imú, nítorí náà ẹ fi aṣọ bo imú yín dáadáa. Bàbá àgbà kan tó ń kọjá lọ béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a ti júbà Olúwéré, ẹ̀mí tó ń gbé inú ìrókò, kí a tó fi ayùn kan igi rẹ̀; a ní ẹni tó gé e nínú igbó ló ni ìbéèrè yẹn.

Káfíńtà náà kọ́kọ́ ń ṣiyèméjì nípa ihò tí apá abẹ́rẹ́ yóò dúró sí, nítorí pé kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju ìwọ̀n ẹnu bírò lọ. Mo sọ fún un pé ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní ọdún 1924, tó sì wà ní British Museum di òní. Pé nínú Èkìtì, ihò kan kò lè borí wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbẹ́ ẹ. Apá tí mo rà jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Rega, irú èyí tí ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí irin ààrin (ọ̀pá kékeré tí àtẹ àwo ń bá yí) ní mìlímítà 222 gééré, tí ẹnu abẹ́rẹ́ yóò sì kọjá irin ààrin náà ní mìlímítà 15. A ya ìwọ̀n yìí sórí páálí líle, a gún un ní ihò méjèèjì, a sì fi páálí náà wọn igi kí dírílì tó kàn án. Bí ìwọ̀n yìí bá yẹ̀, orin kò ní dá dúró, ṣùgbọ́n ohùn yóò máa há bí abẹ́rẹ́ bá ti ń sún mọ́ àárín àwo, pàápàá níbi tí akọrin bá ti ń pe "s" àti "ṣ".

Ibi tí ọwọ́ káfíńtà kò dé ni irin ààrin àti búùṣì idẹ tó ń yí nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ní ẹ̀rọ léèdì, èyí tó ń yí irin bí a ṣe ń gé e, ló bá mi gé e, èyí tí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé fún mi kò dára: bí mo bá di orí irin náà mú tí mo sì mì ín, ó ń kan ara búùṣì. Mo dá a padà, wọ́n ráhùn, wọ́n tún un ṣe. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba irú rẹ̀, nítorí pé ìkanra kékeré yẹn ni yóò di ìró tó ń kùn lábẹ́ gbogbo orin. Bọ́ọ̀lù irin kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ tí irin náà jókòó lé, ẹ̀kán ọ́ìlì díẹ̀ sì tó o. Ní ti àtẹ tí a ń gbé àwo orin lé, igi àpá ni a kọ́kọ́ fi ṣe é, ó sì rẹwà púpọ̀, àmọ́ n kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó fi igi ṣe é: bó ti wù kó gbẹ tó, ojú rẹ̀ kì í tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìgbà kan dé ìgbà kejì. Àtẹ alumíníọ̀mù láti ara ẹ̀rọ àlòkù, pẹ̀lú rọ́bà pẹlẹbẹ lórí rẹ̀, ni mò ń lò báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọ̀rọ̀ iná. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọ̀pọ̀ tọ́ntébù àtijọ́ ń tẹ̀ lé iná ni. Iná wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (kì í ṣe lílọ-bíbọ̀ tí à ń ráhùn lé lórí lójoojúmọ́ ni mò ń sọ), orí iye yìí ni àwọn tó ṣe irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sì gbé ìṣirò wọn kà kí àwo ńlá lè yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ Columbia gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1948. Jẹnẹrétọ̀ ilé kì í dúró lórí 50. Bí ẹrù orí rẹ̀ bá fúyẹ́, ó lè sáré dé 52, èyí tó túmọ̀ sí pé orin yóò fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún yá jù, tí ohùn yóò sì ga ju bí olórin ṣe kọ ọ́ lọ; bí fíríìjì bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e, orin náà á wọlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo bátìrì fóòlìtì 12 sí i, pẹ̀lú ohun èlò tí a fi ń tún eré rẹ̀ ṣe, mo sì gbé e jìnnà sí igi lórí ìdúró tirẹ̀, tí bẹ́líìtì rọ́bà nìkan so òun àti àtẹ pọ̀. Kí iná ìjọba lọ, kí jẹnẹrétọ̀ máa hó, àwo kò mọ̀. Nínú gbogbo owó tí mo ná, èyí ló sanwó rẹ̀ padà jù lọ, kò sì wọ́n.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọn eré àwo ni bébà róbótó kan tó ní ilà 180, èyí tí a ń wò lábẹ́ gílóòbù: bí ilà náà bá dúró sójú kan, eré pé. Bébà yìí kò wúlò fún ẹni tó wà lórí jẹnẹrétọ̀, nítorí pé iná gílóòbù náà ń ṣẹ́jú ní ìbámu pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Bí ó bá ń sáré jù, bébà yóò máa jẹ́rìí èké sí i. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ etí àtẹ, ẹ ṣí aago fóònù yín, kí ẹ sì ka yíyí rẹ̀: ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ pé 100 fún àwo ńlá, 135 fún àwo kékeré tó ń yí ní 45. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi etí dán an wò. Ẹ má ṣe fi gángan dán an wò, nítorí pé ìlù náà fúnra rẹ̀ ń yí ohùn padà, yóò sì bo àléébù ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Àwo I. K. Dairo ni mo fi ń dán tèmi wò, níbi tí kọ́díọ́nù rẹ̀ bá ti fa ohùn kan gùn. Bí ohùn náà bá gbọ̀n, bẹ́líìtì tàbí irin ààrin ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.

Abẹ́rẹ́ tí mo fi sí i ni AT-VM95E ti ilé iṣẹ́ Audio-Technica. Gíráàmù 2 ni ó fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ lé àwo, mo sì fi òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò wọ̀n ọ́. Ohùn tó ń ti ara abẹ́rẹ́ wá kò lágbára rárá, wọ́n sì ti dín ohùn ìsàlẹ̀ kù tí wọ́n sì gbé ti òkè sókè nígbà tí wọ́n ń gé àwo náà, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ojú ihò fóònò (phono), èyí tó wà fún tọ́ntébù, lára ańpílífáyà. Bí ó bá ń kùn hùnnn, ẹ wá wáyà ilẹ̀ tó ti ara apá abẹ́rẹ́ wá, kí ẹ dè é mọ́ ara ańpílífáyà.

Kíkùn igi náà ló gbà mí lọ́kàn jù. Sáńpépà 80 la fi bẹ̀rẹ̀ (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń ga sí ni ojú rẹ̀ ń kúnná sí), a lọ sí 120, 180, 240, a sì parí rẹ̀ pẹ̀lú 320, tí a ń tẹ̀ lé ìlà igi, láìjẹ́ kí a fò ìkankan. Káfíńtà wa máa ń fi aṣọ tútù nu igi kí irun ara rẹ̀ lè dìde, kí a tún tó fá a. Èyí dára fún ìrókò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é fún igi àpá. Nǹkan aláwọ̀ ìyeye kan wà nínú ihò ara igi àpá tó máa ń yọ́ bí omi bá kàn án: aṣọ funfun tí mo fi nu igun kan wò jáde ní pípọ́n rúsúrúsú bí ẹni pé mo ti pa á láró. Tínà nìkan ni a fi nù ún. Ara ìrókò náà ní òróró tí kì í jẹ́ kí fánìṣì tètè gbẹ, tínà kan náà ló yanjú rẹ̀.

Lẹ́yìn sílà, ìyẹn ohun tí a kọ́kọ́ ń pa sára igi láti dí ihò ara rẹ̀, mo ní láti yàn láàárín láàkà tí wọ́n ń fín àti fánìṣì tí a ń fi aṣọ pa. Mo yan èyí tí a ń fi aṣọ pa. Láàkà ń dán, ó sì yá, àmọ́ bí a bá fín in nígbà tí ojú ọ̀run ṣú tí afẹ́fẹ́ sì tutù fún omi, yóò funfun kálẹ̀, iṣẹ́ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ni àsìkò rẹ̀, eruku pupa ọyẹ́ sì tún ni ọ̀tá rẹ̀. Inú yàrá tí a ti wọ́n omi sílẹ̀ rẹ̀ ni a ti kùn tiwa, tí a sì ti ilẹ̀kùn. Ìda oyin la fi parí rẹ̀. Àwọn kan ní ohun tí a fi kun igi ń yí ohùn padà. Etí tèmi kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, ojú mi ló rí i: ìrókò tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tí a fá a ti ń di àwọ̀ ilẹ̀ tó jinlẹ̀ lójoojúmọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kàn án.

Ní ti bí ó ṣe ń dún, àárín orin kan sí èkejì ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ náà yọrí, nítorí pé kò sí ìkùn kankan níbẹ̀. Ìlù ìsàlẹ̀ dúró ṣinṣin, agogo kò sì ta etí. Àwo tó ti họ nílé yóò tún máa ta pàrà-pàrà, yóò sì hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó dára kì í bo àṣírí àwo. Ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ orin, kí ó máa lo fóònù rẹ̀. Ẹni tó ní àpótí àwo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, tó sì ní káfíńtà tó lè bá jókòó, iṣẹ́ yìí yẹ ẹ́, bí ó bá lè gbà pé apá àti abẹ́rẹ́ nìkan yóò gba owó ju gbogbo igi lọ.

Ìdérí pásípẹ́ẹ̀sì, ike tó mọ́ gaara bíi díńgí, ṣe dandan nítorí eruku. Kí ẹ ra bẹ́líìtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé èyí tó bá nà kò ní sàn mọ́, n kò sì tíì rí ẹni tó ń tà á ní Adó.