Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú tó bá mi ya àtẹ ìdílé Fushimi

Bí iṣẹ́ yín bá ní ìlà tó lọ́ mọ́ra, tí kì í ṣe káàdì ìgbéyàwó, ẹ gbé e lọ bá wọn. Àtẹ ìran ìdílé Fushimi, ẹ̀ka kan nínú ìdílé ọba ilẹ̀ Japan, ni èmi gbé lọ, kí n lè fi kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olùfẹ́ ìtàn nílé ẹ̀kọ́ wa.

Ọba Sukō ló wà lókè. Yoshihito ọmọ rẹ̀ ló dá ilé Fushimi sílẹ̀, Haruhito tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló wá kan Sadafusa. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1428, Ọba Shōkō ti ilé ńlá tó wà lórí ìtẹ́ wàjà láìní àrólé. Bàbá rẹ̀, Go-Komatsu, tó ti gbé ìtẹ́ sílẹ̀, wá sọ àkọ́bí Sadafusa di ọmọ tirẹ̀, ọmọ yẹn ló jọba tí wọ́n ń pè ní Go-Hanazono. Sadatsune, àbúrò rẹ̀, ló ku sí ilé Fushimi. Bàbá méjì fún ẹnì kan! Mo ṣì ń wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé ni ọmọbìnrin tó ń fi Corel, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́ bá ní, “Mummy, ẹ jẹ́ ká fa ìlà gbọọrọ fún bàbá tó bí i, ká gé ti ẹni tó gbà á ṣọmọ wẹ́wẹ́.” Ìlà wẹ́wẹ́ yẹn náà la lò nísàlẹ̀ fún Kotohito, ọmọ Kuniie ti Fushimi, tí wọ́n fi dí àlàfo ilé Kan'in, ẹ̀ka mìíràn nínú ìdílé ọba, ní 1872. Ìran Kuniie yìí ni ilé 11 tí wọ́n yọ kúrò nínú ìdílé ọba ní oṣù kẹwàá 1947, èèyàn 51 lápapọ̀.

(Àwọn ọmọ wa ti ń béèrè bóyá ó kàn Fushimi láti jọba ni, bíi ti ìdílé ọlọ́ba wa níbí. Kò kàn wọ́n o. Wọ́n kàn wà nílẹ̀ de ìgbà tí ilé ńlá bá ṣaláìní àrólé ni.)

Ō inú Sukō kọ́kọ́ jáde bí àpótí òfìfo, lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ ẹ̀ àti ọ́ lójoojúmọ́! Wọ́n pààrọ̀ fọ́ǹtì, ó tán. Afẹ́fẹ́ há sábẹ́ lámínéṣọ̀n ní igun kan. Wọ́n tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo rí i. Ẹ má gbára lé ọjọ́ tí wọ́n bá dá, torí bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ wọn kì í gbé ẹ̀rọ ńlá. Kò síbi ìjókòó. Owó wọn ò wọ́n ju ti aládùúgbò wọn lọ. Ẹ ṣáà yẹ gbogbo orúkọ wò lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, torí èyí tí ẹ bá ṣì kọ, ẹ̀yin lẹ máa sanwó àtúntẹ̀ rẹ̀.