Ádápítọ̀ Dúdú, Àpótí Onírin, Tàbí Ti Láptọ́ọ̀pù: Èwo Ló Máa Gbé Ṣájà LiPo Yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa bàálù rìmóòtù l'Óṣogbo níbí, ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú yín láti fún ṣájà bátìrì LiPo (bátìrì lithium tó fúyẹ́ tí bàálù ń lò) ní iná: ádápítọ̀ dúdú oní-12V, àpótí onírin tó ní ihò wínníwínní lára táwọn oníkámẹ́rà CCTV máa ń lò, àti ádápítọ̀ láptọ́ọ̀pù oní-19V. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan jẹ mí lówó ṣájà odindi.

Ádápítọ̀ dúdú ni. Wọ́n kọ 12V 10A sí i lẹ́yìn. Bátìrì mi jẹ́ 4S (sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí wọ́n so tẹ̀ léra), 5000mAh, áńpù 5 ni mo fi ń ṣájì í. Tó bá bẹ̀rẹ̀, kò ní wàhálà. Tó bá kù díẹ̀ kí bátìrì kún, ṣájà á máa ké píì píì, á kọ ọ́ sójú pé iná tó ń wọlé kéré jù, á sì dúró. Mo ní ṣájà ló bàjẹ́. Mo ra òmíràn. Òun náà ké.

Ìgbà tí mo yá tẹ́sítà, ẹ̀rọ tó ń wọn fóòtì (V), ni mo tó rí ọ̀rọ̀ náà. Láìtíì gbé iṣẹ́ kankan lé e, fóòtì 12.1. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ìdí ádápítọ̀ gan-an ń ka 11.9. Mo sún ẹnu tẹ́sítà wá sí ẹnu ṣájà: 10.9. Ṣájà mi kì í gba ohun tó bá wálẹ̀ ju 11 lọ. Fóòtì kan gbáko ti ṣòfò sínú wáyà tí kò ju mítà kan ààbọ̀ lọ! Mo bó wáyà náà: rọ́bà ló ki, bàbà inú rẹ̀ bí irun orí arúgbó.

Kí ló dé tó fi ń dúró nígbà tó bá fẹ́ kún? 4S tó kún jẹ́ fóòtì 16.8, ẹ fi áńpù 5 sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì 84 nìyẹn. Ṣájà fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀, nítorí náà ó ń bèèrè bíi 95, ìyẹn áńpù 8 láti orí 12V. Tí fóòtì bá ń lọlẹ̀, ṣájà á fa áńpù sí i kí wáàtì lè pé. Áńpù tó pọ̀ sí i á tún fa fóòtì lọlẹ̀ nínú wáyà. Mo gé wáyà yẹn dànù, mo fi 2.5mm tí wọ́n ń fà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé rọ́pò rẹ̀, kò ju ìdajì mítà lọ. Ariwo tán. Ṣájà méjì ló wà nílé mi báyìí.

Àpótí onírin kò ní wáyà tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tó ki. Síkíríù kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ ADJ sí. Mo rọra fi gbé fóòtì tèmi sí 13.5, tẹ́sítà lọ́wọ́. Fáànù rẹ̀ ń pariwo. Ibi tí iná 220 ti ń wọlé wà ní gbangba, ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé.

Ti láptọ́ọ̀pù dára fún wáyà: wáàtì kan náà, áńpù kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣájà kì í gbà ju 18V lọ, ẹ ka ẹ̀yìn tiyín kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Oní-90W ò sì lè gbé áńpù 5 fún 4S mi. 4 ni mo ń fi í ṣe.

Ẹni tó jẹ́ pé 2S kékeré ló ní, ádápítọ̀ dúdú tó o. Ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó ronú dáadáa kó tó gbé ohun tí kì í ṣe àpótí.

Ẹ má ra èyíkéyìí láìgbé iṣẹ́ lé e. Gílóòbù iwájú mọ́tò oní-55W méjì ni mo ń gbé lọ, bí áńpù 9 ni wọ́n máa fà. Ọmọkùnrin kan tó ń ta àpótí onírin nítòsí Ọláìyá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo so wọ́n mọ́ ọn: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mọ́tò lẹ fẹ́ tún ṣe ni?" Àpótí náà já láti 12.2 sí 9.6, gílóòbù pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òun fúnra rẹ̀ gbé e sẹ́yìn káńtà, ó ní, "Ẹ jẹ́ n mú òmíràn wá."