Àwọn ìsọ̀ bóòtì Àkúrẹ́: èwo ló tó wọ ẹ́ńjìnnì bàálù àfọwọ́ṣe?

Ẹni tó bá ń sọ ẹ́ńjìnnì Volkswagen Ìjàpá di ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré ní Àkúrẹ́, bó pẹ́ bó yá, á dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta bóòtì àti nọ́ọ̀tì mọ́tò. Ọjà wọn pọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan nínú abọ́. Oore ńlá nìyẹn, torí inú abọ́ kan náà ni èyí tó lè fò àti èyí tí kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ máa ń wà.

Nọ́ńbà sípánà ni wọ́n fi ń pe bóòtì níbẹ̀. Ẹ bèèrè bóòtì 12, 8 mm ni wọ́n máa kó fún yín, torí 8 mm ọkọ̀ Japan ń lo sípánà 12. Ti Jámánì ń lo 13. Ìyẹn ò ṣòro, eyín 1.25 (ìyẹn 1.25 mm láti eyín kan sí èkejì) ni àwọn méjèèjì sábà máa ń ní. Ibi 10 mm ni wàhálà wà. Ti Toyota sábà máa ń jẹ́ eyín 1.25, ṣùgbọ́n èyí tó di top cylinder Ìjàpá mú, eyín 1.5 ni. Ẹ mú nọ́ọ̀tì tí ẹ mọ eyín rẹ̀ dání láti ilé, kí ẹ fi ìka lásán yí i dé ìparí eyín. Tó bá há, ẹ má fi sípánà ràn án lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo orí rẹ̀. Nọ́ńbà agbára rẹ̀ ló wà níbẹ̀: 8.8 máa gba 800 MPa (ìwọ̀n agbára tó ń fà á) kó tó já, 10.9 máa gba 1,000. Ìlànà ISO 898-1 ní kí àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yìí. 10.9 tí kò ní àmì kankan, tí owó rẹ̀ sì bá ti 8.8 dọ́gba, ẹ dá a padà sínú abọ́. Ojúlówó tòkunbọ̀ sàn ju tuntun tí kò lórúkọ lọ fún ìdérí àti páànù, bí vernier bá ti fi hàn pé eyín rẹ̀ kò tẹ́ẹ́rẹ́ níbì kankan. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ti nà. Ti kọ́nródù ni kí ẹnikẹ́ni má rà ní tòkunbọ̀ láéláé. Kí dídán stainless má sì tan yín: A2-70, irú stainless tó wọ́pọ̀, kò lágbára tó 8.8, bí òjò bá sì ń pa á lára ẹ́ńjìnnì Ìjàpá tó jẹ́ magnesium, ara ẹ́ńjìnnì ni yóò jẹ.

Nọ́ọ̀tì onírọ́bà wọn dára. Bí ìka bá lè yí i kọjá rọ́bà náà, ó ti kú. Kò gbọdọ̀ kọjá 121°C, nítorí náà ẹ gbé e jìnnà sí sàléńsà. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi bàbà bò ló wà fún ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ́ńjìnnì ti so mọ́ ara bàálù, àti níbi tí pọ̀pẹ́là ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọjà Àkúrẹ́ kò ní èyí tó yẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti ọjà, eyín rẹ̀ gùn dé orí, bẹ́ẹ̀ ọrùn tí kò léyín ló yẹ kó wà nínú ihò. Eyín á máa rin irin bíi fáìlì. Bóòtì AN, ìyẹn bóòtì tí wọ́n ṣe fún bàálù, ni kí ẹ rà, lọ́wọ́ àwọn bíi Aircraft Spruce ní Amẹ́ríkà. AN5 jẹ́ 5/16 ínṣì, AN6 jẹ́ 3/8. Nínú AN5-14A, 14 yẹn ni gígùn rẹ̀: 1 jẹ́ ínṣì kan, 4 jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú mẹ́jọ, bíi ínṣì kan àbọ̀; ìdí nìyẹn tí kò fi sí -8 tàbí -9. Lẹ́tà A tó wà lẹ́yìn ń sọ pé kò níhò fún split pin. AN5H-14A ni èyí tí wọ́n ti lu orí rẹ̀ fún wáyà tí kì í jẹ́ kí bóòtì tú. Ẹni tó bá fo lẹ́tà kan á sanwó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí ohun tí kò lè lò.

Ẹ má fi nọ́ọ̀tì 8 mm dé AN5 o. 7.94 mm ni 5/16, nọ́ọ̀tì náà á kọ́kọ́ gbà, á wá há, á sì fá eyín. Ìwọ̀n dídè AN5 jẹ́ 100 sí 140 inch-pound, AN6 jẹ́ 160 sí 190. Torque wrench ńlá tí mẹkáníìkì fi ń de táyà kò mọ ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀.

Pọ̀pẹ́là onígi ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nílùú wa. Òjò ń mú igi wú, ọyẹ́ ń mú un súnkì. Bóòtì tó le dáadáa lóṣù Kẹsàn-án lè ti dẹ̀ nígbà ọyẹ́. Pọ̀pẹ́là á máa yí díẹ̀díẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀ títí igi á fi dúdú bí ohun tó jóná, tàbí kí bóòtì já. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, ẹ tú wáyà rẹ̀, kí ẹ wọn dídè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni tó gbẹ́ pọ̀pẹ́là ṣe là á sílẹ̀. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un ṣe, torí igi tó wú sábẹ́ bóòtì tó ti le jù máa ń fọ́ mọ́lẹ̀.

Wáyà tí ẹ ó fi dè é padà kì í ṣe wáyà báídìn tí àwọn bẹ́ńdà fi ń di irin pílà; ìyẹn ń dípẹtà, ó sì tètè ń já. Stainless 0.032 ínṣì ni, bíi 0.8 mm. Ìlọ́ 6 sí 8 nínú ínṣì kan, kí wáyà náà sì máa fa bóòtì sí ọ̀nà tó ti ń le.