Mo kọ́ iṣẹ́ katapílà n'Íbàdàn: ohun tí owó mi rà àti ohun tí kò rà

Kí ẹ tó bèèrè iye tí ilé ìkọ́ṣẹ́ katapílà ń gbà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye wákàtí tí ẹ ó fi jókòó sórí ẹ̀rọ fúnra yín. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, lápá Toll Gate, excavator, ẹ̀rọ tó ń fi apá irin gbẹ́ ilẹ̀, kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Páyílódà wà lóòótọ́, àmọ́ bátìrì rẹ̀ kì í gbé e. Tí ẹnì kan bá wà lórí ẹ̀rọ, àwa yòókù á wà lábẹ́ igi, a ó máa wòran. Tí òjò bá wá rọ̀, ó di ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ wọn dáa o, mi ò ní purọ́. Ọ̀gá wa ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ títì, kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni sítáàtì ẹ̀rọ láìtíì yí i ká: ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ńkọ́, omi rédíétọ̀ ńkọ́, ṣé tíráàkì ò dẹ̀, ṣé gírísì wà lójú ìsopọ̀ apá? Gígùn ún pàápàá ní ìlànà. Ẹ ó kọjú sí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, tàbí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, ló gbọ́dọ̀ máa wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá bẹ́ sílẹ̀ bíi kọ̀ńdọ́ dáńfó, ọ̀gá á ní kó padà gùn ún, kó wá sọ̀ bó ṣe yẹ.

Ìlànà méjì ló wà fún bí wọ́n ṣe ń to iṣẹ́ àwọn lífà, ISO àti SAE. Ní ìlànà ISO tí a fi kọ́ṣẹ́, ọwọ́ òsì ló ń yí ẹ̀rọ, tó sì ń na apá kékeré síta. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé apá ńlá, tó ń ká bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní ti SAE, apá ńlá ti bọ́ sọ́wọ́ òsì, apá kékeré ti lọ sí ọ̀tún. Torí ẹ̀ ni ọ̀gá ṣe ní ká máa dán ọwọ́ wò níbi tí kò séèyàn, ní gbogbo sáìtì tuntun. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti sprocket, irin eléyín tó ń fa tíráàkì. Ẹ̀yìn ló yẹ kó wà. Tí ẹ bá ti yí ilé awakọ̀ títí tó fi bọ́ síwájú yín, tẹ́ ẹ wá ti lífà tó ń mú ẹ̀rọ rìn síwájú, ẹ̀yìn lẹ máa lọ. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ gbé!

Owó dísẹ̀lì ló bí mi nínú. Wọn ò dárúkọ ẹ̀ nígbà tí a ń gba fọ́ọ̀mù, àfìgbà tá a ti sanwó tán. Wọ́n tún ní ìwé ẹ̀rí wọn á ṣiṣẹ́ lókè òkun. Irọ́ ni. Káàdì bíi CPCS, tó ń fi hàn pé èèyàn mọ ẹ̀rọ ìkọ́lé lò, ni àwọn sáìtì UK ń béèrè, ìdánwò tiwọn lẹ ó sì ṣe. Nílé níbí, NSQ, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ tí NBTE, àjọ ìjọba lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ń bójú tó, ló yẹ kẹ́ ẹ bèèrè. Tèmi, ilé ìkọ́ṣẹ́ nìkan ló fọwọ́ sí i.

Ní kọ́ríì tí mo wáṣẹ́ lọ, fóòmánì ò tilẹ̀ ṣí fáìlì mi. Kọ́kọ́rọ́ ló nà sí mi: "Gùn ún, gbẹ́ gọ́tà yẹn ká wò." Mo da yẹ̀pẹ̀ jìnnà sí etí kòtò, mo sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ kí n tó pa ẹ̀rọ. Ó mi orí, ó ní kí n máa bọ̀ bí ọmọ iṣẹ́ ọ̀párétọ̀ ná.

Mẹ́ta nínú márùn-ún ni màá fún wọn, ti ọ̀gá yẹn ló pọ̀ jù ńbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó sì jẹ́ kí wọ́n kọ wákàtí orí ẹ̀rọ àti owó dísẹ̀lì sínú rìsíìtì.