Àgbéyẹ̀wò The Expanse: Eré Tí Òfin Ìṣẹ̀dá Kò Gbè Sẹ́yìn Ẹnikẹ́ni

Ohun tí ó mú kí n fẹ́ràn eré orí tẹlifíṣàn tí wọ́n ń pè ní The Expanse ju àwọn eré mìíràn tí wọ́n ṣe nípa gbalasa òfuurufú lọ ni pé òfin ìṣẹ̀dá kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Akọni inú eré kì í bọ́ lọ́wọ́ ikú kìkì nítorí pé ó jẹ́ akọni. Bí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bá tán, ó tán fún ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́ bákan náà. Ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìpín tó kẹ́yìn jáde, síbẹ̀ láàárín àwa tí a ń wò ó ní Àkúrẹ́, láti ẹnu ọ̀nà yunifásítì FUTA títí dé Alágbàká, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀. Mo kọ èyí fún ẹni tí kò tíì wò ó, tí ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá apá 6 àti ìpín 62 tó ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ ná àkókò àti owó dátà.

Sẹ́ńtúrì kẹtàlélógún ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dá ènìyàn ti tàn ká ọ̀pọ̀ ibi tó yí oòrùn ká, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dé ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ mìíràn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ń ṣàkóso ilé ayé. Máàsì ti gba òmìnira, ó sì ti di alágbára ológun. Àwọn tí wọ́n bí sórí òkúta ràbàtà tó wà láàárín Máàsì àti Júpítà, tí wọ́n ń jẹ́ Belter, ló ń wa yìnyín àti irin tí àwọn méjèèjì yòókù ń lò, bẹ́ẹ̀ ni omi àti afẹ́fẹ́ wọ́n ju wúrà lọ lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ̀ Canterbury tó ń kó yìnyín láti sàkáání Saturn ni ẹnìkan fọ́ túútúú ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn díẹ̀ tó yè nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni a sì ń bá lọ títí dé òpin.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tó ṣe eré yìí ti yọ jù. Nínú ọ̀pọ̀ eré irú rẹ̀, àwọn èrò kàn ń rìn káàkiri inú ọkọ̀ láìsí ẹni tó bìkítà láti ṣàlàyé ohun tó mú ẹsẹ̀ wọn lẹ̀ mọ́lẹ̀. Níbí, àlàyé wà, ojú ni a sì fi ń rí i. Wọ́n to àwọn yàrá lé ara wọn lórí láti ìdí ẹ́ńjìnnì dé imú ọkọ̀, kì í ṣe láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ti ọkọ̀ lọ, tí ìyára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ yàrá á máa ti ẹsẹ̀ àwọn èrò, wọn á sì ní ìwúwo; bí wọ́n bá pa á, gbogbo ohun tí wọn kò so mọ́lẹ̀ á léfòó, àfi kí oníkálukú gbára lé bàtà onímágínẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n á yí ọkọ̀ padà kí ìdí rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń lọ, ẹ́ńjìnnì á sì tún máa jó kí eré lè dín kù, nítorí pé kò sí bíréèkì ní gbalasa òfuurufú. Bí ìyára ọkọ̀ bá sì ń yára pọ̀ sí i jù, wọ́n ní láti gún ara wọn lábẹ́rẹ́ oògùn kan kí ọkàn àti ọpọlọ má bàa kọṣẹ́, oògùn náà kì í sì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama máa ń fi àwọn ìran yìí ṣàlàyé òfin kẹta ti Newton fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, mo sì gbà pé wọ́n yé ọmọ ju àwòrán inú ìwé lọ.

Nọ́ọ̀sì kan tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló mú kí n lóye ìran kan ní apá kẹta tí mo ti ń kà sí ìran lásán. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni eré wọn já lójijì, àwọn èrò inú wọn sì fara pa yánnayànna. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣègùn fi rí i pé níbi tí ìwúwo kò bá sí, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ara kì í ṣàn kúrò lójú ọgbẹ́, ńṣe ló ń gbára jọ síbẹ̀. Wọ́n wá ní láti mú àgbá ńlá tó wà nínú ọkọ̀ Behemoth máa yí kí àwọn tó fara pa lè ní ìwúwo. Nítorí pé ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé ayé, ará Máàsì àti Belter tí wọ́n ń wá ẹ̀mí ara wọn ní láti kó àwọn aláìsàn wọn jọ sábẹ́ òrùlé kan náà. Láti inú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìṣèlú ti jáde. Ohun tí The Expanse ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nìyẹn, n kò sì tíì rí eré mìíràn tó ṣe é tó bẹ́ẹ̀: òfin ìṣẹ̀dá kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi sí ẹ̀yìn àwọn òṣèré, òun ló ń pinnu ohun tí wọ́n lè ṣe àti ohun tí wọn kò lè ṣe.

Bákan náà ni ìyára ìmọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí a bá rán láti ilé ayé sí Máàsì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 sí 22, gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe jìnnà síra wọn lásìkò náà. Èyí tó bá lọ sí sàkáání Saturn ń lé ní wákàtí kan. Chrisjen Avasarala, àgbà olóṣèlú tó ń ṣojú ilé ayé, a máa pàṣẹ lórí ọ̀rọ̀ tó lè ti yí padà kí àṣẹ rẹ̀ tó débẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì hàn lójú Shohreh Aghdashloo tó ṣe ipa náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kì í fi hàn. Òun àti Cara Gee, tó ṣe Drummer, ọ̀gá kan láàárín àwọn Belter, ni mo kà sí òṣèré tó dáńgájíá jù nínú gbogbo wọn. Steven Strait, tó ṣe Holden, ọ̀kan nínú àwọn tó yè nínú Canterbury, kò dùn tó wọn ní apá kìíní, ṣùgbọ́n ó ń dára sí i bí ìtàn ti ń lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń gùn láàárín wa ni ọ̀rọ̀ àwọn Belter. Ara wọn gùn, egungun wọn sì fúyẹ́ nítorí pé ibi tí ìwúwo kéré ni wọ́n ti dàgbà. Ní ìpín àkọ́kọ́ pàápàá, a rí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n so rọ̀ ní ilé ayé láti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ìwúwo tí àwa kì í kà sí ló sì ń fìyà jẹ ẹ́. Nígbà tí omi di ọ̀wọ́n fún wọn ní Ceres, ọ̀kan nínú àwọn òkúta ràbàtà tí wọ́n ń gbé, tí àwọn ènìyàn ń ṣọ́ ìwọ̀n tó kàn wọ́n, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó nílò àlàyé, nítorí pé a ti to kẹ́ẹ̀gì sídìí kànga rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Àkúrẹ́, a sì mọ bí ohùn ènìyàn ṣe ń yí padà nígbà tí kànga bá ti ń gbẹ. Eré náà kò sọ àwọn Belter di ẹni mímọ́ nítorí ìyà tí wọ́n jẹ. Marco Inaros tó dìde láti jà fún wọn pa ẹ̀mí tí kò lóǹkà, Naomi Nagata tó jẹ́ ọmọ wọn sì ní láti yan ẹ̀gbẹ́ tí yóò dúró sí. Ìran tó ti fò láti inú ọkọ̀ kan bọ́ sínú èkejì láìwọ aṣọ òfuurufú ní apá karùn-ún ni Àǹtí gbèjà rẹ̀ níwájú wa: ènìyàn lè wà láàyè fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, bí ojú àti awọ ara rẹ̀ tilẹ̀ máa wú.

Kò túmọ̀ sí pé ohun gbogbo inú rẹ̀ ló bá sáyẹ́ǹsì mu. Protomolecule, ohun àjèjì tí ìtàn náà yí ká, kò tẹ̀ lé òfin kankan tí a mọ̀, mo sì gbà á fún wọn nítorí pé ìbẹ̀rù tó ń dá sílẹ̀ wá láti inú àìmọ̀ yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ Ceres le díẹ̀. Ìbú rẹ̀ tó kìlómítà 940, ó sì ń yí lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bí wákàtí 9. Eré náà ní wọ́n ti mú un yí kíákíá débi pé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ní ìwúwo. Ẹ̀gbọ́n olùkọ́ físíìsì ṣírò rẹ̀ fún wa: bí ènìyàn bá máa ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀ níbẹ̀, Ceres gbọ́dọ̀ máa yí lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, òkúta àti yìnyín rẹ̀ yóò sì ti fọ́n ká pátápátá kí ó tó débẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Epstein, èyí tó ń ti ọkọ̀ wọn, náà ní àbùkù tirẹ̀. Iná tó ń jó nínú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n a kò rí irin pẹlẹbẹ ńlá tí ooru yóò gbà jáde lára ọkọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tó wà láàárín wa kì í fi èyí jì wọ́n, ó sì nídìí. Nigeria EduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré tó jẹ́ ti FUTA, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Kyushu Institute of Technology ní Japan, gòkè lọ sí ibùdó àgbáyé tó wà lófuurufú ní oṣù kẹfà ọdún 2017, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti ibẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ náà nílò ẹni tí yóò ronú nípa bí ooru yóò ṣe kúrò lára rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Báwo ni ọkọ̀ ogun odindi kò ṣe ní i nílò rẹ̀?

Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Naren Shankar, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó darí rẹ̀, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì ní yunifásítì Cornell. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Syfy dá a dúró lẹ́yìn apá kẹta ní ọdún 2018, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dá owó jọ láti háyà ọkọ̀ òfuurufú tó fa àsíá ẹ̀bẹ̀ kọjá lórí ọ́fíìsì Amazon, Amazon sì gbà á, wọ́n ṣe apá mẹ́ta sí i.

Àbùkù tó dùn mí jù wà ní ìparí. Apá kẹfà kò ju ìpín 6 lọ, ogun tó yẹ kí ó gba ìpín mẹ́wàá ni wọ́n fún pọ̀ mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì tún la ìtàn tuntun kan sílẹ̀ ní pílánẹ́ẹ̀tì Laconia tí wọn kò parí rẹ̀. Ìran rẹ̀ púpọ̀ ló ṣókùnkùn, débi pé ẹni tó bá ń wò ó lórí fóònù ní ọ̀sán kò ní rí nǹkan kan. Èébú àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì yẹ fún ọmọdé.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó tan àkọlé ìsàlẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn Belter, kí ó sì ní sùúrù títí dé ìpín kẹrin. Ìpín mẹ́ta àkọ́kọ́ ń rọ́ ìtàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè rúni lójú. Ní ìkẹrin, ọta kan wọ yàrá láti ara ògiri kan, ó sì gba ara èkejì jáde, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti ihò méjèèjì, àwọn tó wà níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wá ohun tí wọ́n máa fi dí i. Ẹni tí ìpín yẹn kò bá mú lọ́kàn lè dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì wò ó dé òpin, tí ó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Laconia, kí ó wá ìwé keje nínú ìwé mẹ́sàn-án tí James S. A. Corey kọ, tí wọ́n ti inú wọn mú eré náà jáde; Persepolis Rising ni wọ́n ń pe ìwé keje náà.