Gúlóòbù àtijọ́, energy saver àti LED: èwo ni yóò pẹ́ jù nílé wa ní Ìlọrin?

Gúlóòbù àtijọ́ tí iná rẹ̀ máa ń pọ́n ni owó rẹ̀ kéré jù lórí àtẹ, òun náà ni ó sì tètè ń jó jù. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi tungsten ṣe ni ó ń gbóná tí ó fi ń tàn. Bí ó ti ń gbóná ni ara rẹ̀ ń fò lọ díẹ̀díẹ̀, tí dígí rẹ̀ fi ń dúdú nínú, títí yóò fi já níbi tí ó ti fẹ́lẹ́ jù. Nígbà tí a bá tẹ súìṣì ni ó sábà máa ń já, nítorí pé wáyà tútù ń fa iná ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 1,000 wákàtí ni wọ́n ṣe é fún. Iye yẹn kò ṣàdéédé wáyé o: ní ọdún 1924, àwọn iléeṣẹ́ bíi Osram àti Philips fẹnu kò ní Geneva pé gúlóòbù àwọn kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá yẹ àdéhùn. Bí iná bá tún fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bó ti yẹ lọ, bí ó ti lè rí lóru nígbà tí àdúgbò bá ti sùn, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹni tó ń sin òròmọdìẹ nìkan ni mo lè ní kó rà á, nítorí ooru rẹ̀.

Energy saver, gúlóòbù tí ọ̀pá dígí rẹ̀ funfun tó sì sábà máa ń lọ́, sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ títàn-pípa lemọ́lemọ́, nítorí náà kì í ṣe ti ilé ìwẹ̀. Mẹ́kúrì, tó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé.

LED wọ́ọ̀tì 9 ń tàn tó gúlóòbù àtijọ́ wọ́ọ̀tì 60, èyí tó dára sì lè lo 15,000 wákàtí. Kì í sábà jẹ́ pé ibi tó ń tàn ni ó ń kú, bí kò ṣe pátákó kékeré tó ń darí iná, tó wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí ooru máa ń pa. Ẹ má ṣe fi sínú ìdérí dígí tí kò ní ihò, pàápàá lábẹ́ páànù nínú ooru oṣù Kẹta. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ọrùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 220–240V sí lè máa ṣẹ́jú tàbí kí ó kọ̀ láti tàn bí iná bá wálẹ̀. Èyí tó jẹ́ 85–265V ni ó bá iná tiwa mu, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ lé díẹ̀. Kí òǹtajà tàn án lójú yín, kí ẹ sì wò ó bóyá oníkọ́ ni hódà yín tàbí èyí tí a ń yí.

Bí gúlóòbù méjì tàbí mẹ́ta bá jó lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ má tíì ra òmíràn. Ó ṣeé ṣe kí wáyà neutral, èyí tí iná ń gbà padà, ti já, tí iná tó ń wọlé sì ti sún mọ́ 400V. Ẹ pa súìṣì àpapọ̀, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná.