Iṣẹ́ abẹ sleeve tí mo lọ ṣe l'Ékòó, àti bí jíjẹ mímu ṣe rí l'Óṣogbo lẹ́yìn ẹ̀

Gbogbo ẹni tó bá rí mi lọ́jà Ìgbọ̀nà ló ń bi mí pé àgbo wo ni mo mu tí mo fi fọn báyìí, kí n kúkú kọ ọ́ síbí. Kì í ṣe àgbo o, kì í sì í ṣe tíì. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé àpò oúnjẹ kù kéèyàn lè fọn ni, sleeve lorúkọ ẹ̀, ọsibítù àdáni kan l'Ékòó ló ṣe é fún mi. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo fẹ́ sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó láì fepo bọ iyọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára mi tipẹ́, ṣúgà náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, orúnkún ò jẹ́ kí n lè kúnlẹ̀ kí àgbà mọ́. Dọ́kítà tó ń tọ́jú mi níbí ló wọ̀n mí, wọ́n ṣírò BMI, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èèyàn sanra jù fún gíga ẹ̀, ó lé ní 40, àwọn ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ sílẹ̀. Látọdún 1991 ni wọ́n ti ń lo 40 yẹn l'Ámẹ́ríkà, tàbí 35 tí àìsàn bí àtọ̀gbẹ bá ti wà níbẹ̀, ọdún 2022 làwọn dọ́kítà tó ń ṣe é wá sọ pé 35 nìkan náà tó. Mò ń sọ èyí torí àwọn àǹtí tó ń bi mí ní nọ́ńbà ọsibítù nítorí aṣọ ẹbí tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ti ìyẹn.

Màmá mi ò gbà rárá o. Wọ́n ní obìnrin tó ń rí jẹ nílé ọkọ ló ń sanra, tí mo bá lọ gbẹ báyìí ará Òkè-Fìà á ní ọkọ mi ò tọ́jú mi. Mi ò bá wọn jiyàn, mo mú wọn dání lọ bá dọ́kítà, wọ́n fi káàdì ẹ̀jẹ̀ ríru mi hàn wọ́n láti ọdún dé ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n dákẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ká wá sọ ti ọsibítù. Oníṣẹ́ abẹ yẹn ṣe sùúrù fún wa gan-an, wọ́n ya àwòrán sórí ìwé fún èmi àti bàbá àwọn ọmọ, wọ́n ní àwọn máa gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí dànù, èyí tó kù á rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, apá tí wọ́n ń gé yẹn ló sì ń pèsè ohun tó ń jẹ́ kébi máa pani jù, wọn ò sì lè dá a padà mọ́ láé. Wọ́n bi mí bóyá nǹkan kíkan máa ń gòkè wá sọ́nà ọ̀fun mi, pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, oríṣi kejì tó ń jẹ́ bypass ló máa dáa jù, torí sleeve lè dá kún un. Kò sí ìlérí kankan. Wọ́n fún mi lóúnjẹ tí mo máa jẹ ṣáájú kí ẹ̀dọ̀ lè sún kì. Àwọn nọ́ọ̀sì náà, Ọlọ́run á bùkún wọn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti ní kí n dìde rìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí mi lẹ́sẹ̀. Èjìká ló dùn mí ju ikùn lọ, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn ló fà á, bí mo ṣe ń rìn ló ń lọ.

Ibi tó bí mi nínú ni owó. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè kọ́ la san, àwọn tẹ́ẹ̀sì kan wà tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ fún wa àfi ìgbà tí bíìlì dé. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ yìn jù ni dietitian wọn, ìyẹn onímọ̀ nípa oúnjẹ. Ìwé oúnjẹ tí wọ́n fún mi, broccoli àti cottage cheese ló kún inú ẹ̀, níbo ni mo ti fẹ́ máa rí ìyẹn l'Óṣogbo? Mo pè wọ́n, wọ́n jókòó tì mí lórí WhatsApp, wọ́n ní kí n sọ gbogbo ohun tá à ń jẹ nílé, wọ́n wá tò ó padà: nígbà tó jẹ́ olómi nìkan ni mo lè mu, omi ẹja tí wọ́n sẹ́ àti mílíìkì, tó yá gbẹ̀gìrì, tó yá ẹyin, mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tí epo ò pọ̀, wàrà àwọn Fúlàní, ẹja tútù. Purotéènì la kọ́kọ́ ń jẹ, ó kéré tán 60 gíráàmù lóòjọ́, kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀kọ. Mi ò gbọ́dọ̀ mu omi mọ́ oúnjẹ, ó di nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ẹ̀. Iyán ṣì ń há mi láyà títí di báyìí, òkèlè kékeré ni mò ń mú.

Òde àríyá ló le jù. Ẹ lọ síbi òkú àgbà kẹ́ ẹ jẹ ṣíbí mẹ́rin péré, ìyá olóde á ní ṣé ẹ̀ ń bínú sáwọn ni. Mo máa ń kí wọn tẹ̀ríba, mo máa ń sọ pé dọ́kítà ló ní kí n máa jẹun díẹ̀díẹ̀, wọ́n á bá mi di ìyókù.

Irun mi já gan-an láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, ó ti ń hù padà. Awọ apá àti ikùn mi rọ̀, ìyẹn ò lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti dín kan, dọ́kítà ló dín in, èmi kọ́. B12, iron, calcium àti fáítámì D, títí ayé ni, ẹ ṣírò owó ẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ bímọ, wọ́n ní kẹ́ ẹ dúró tó ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀.

Iṣẹ́ abẹ àti nọ́ọ̀sì, ìràwọ̀ márùn-ún. Ọ́físì owó, méjì. Dietitian, ẹ fún wọn ní gbogbo èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ti Òṣogbo lọ, ẹ wá ilé ẹbí kan nítòsí ọsibítù tẹ́ ẹ máa dúró sí fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ̀ǹda yín, torí tí ojú rírán bá jò nínú, ara á gbóná, àyà á máa sáré, ẹ ò ní fẹ́ kó bá yín lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán.